Eégún Kì Í Jó Ijó Èṣí: Ìdí Tí Àwàdà Àtijọ́ Tí A Jí Dìde Fi Ń Yè Tàbí Tí Ó Fi Ń Kú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni mo fi ń yọ ẹsẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò. Láyé òde òní, àwàdà àtijọ́ ti di ohun tí à ń wú bí ẹni wú iṣu nínú ebè. Eré tí ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, a óò kàn gbọ́ pé ó tún ń bọ̀ lórí amóhùnmáwòrán. Òmíràn a padà, a sì tún gba ìgboro kan. Òmíràn a padà, kò sì ní í ṣe ọdún méjì tí a ó fi sin ín lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ wádìí, nítorí mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà kan iṣẹ́ wa nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ìdáhùn méjì ni mo máa ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, n kò sì fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Àwọn kan ní àwọn èwe ìwòyí ni wọ́n ba nǹkan jẹ́. Wọn kò gbọ́ Yorùbá tí ó jinlẹ̀, ẹ̀rọ alágbèéká ti gbà wọ́n lójú, nítorí náà kò sí àwàdà àtijọ́ tí ó lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ní owó ni. Wọ́n ní bí a bá ti rí onígbọ̀wọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́nà, tí a sì ra kámẹ́rà tuntun, òkú eré yóò dìde. Mo ní irọ́ ni ti èkínní. Mo ní ìdajì òótọ́ ni ti èkejì, ìdajì òótọ́ a sì máa ṣini lọ́nà ju odindi irọ́ lọ. Èrò tèmi nìyí: ẹni tí ó bá jí àwàdà dìde tí ó gbé aṣọ rẹ̀ wọ̀, ṣùgbọ́n tí kò bá ayé jà mọ́ bí àwàdà náà ti bá a jà ní ìgbà èwe rẹ̀, òkú ni ó gbé jó. Aṣọ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní. Kò ní àkísà.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìlá-Ọ̀ràngún ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ní gbogbo ilẹ̀ Ọ̀ṣun Ìgbómìnà, láti Ìlá dé Òkè-Ìlá títí dé Ọ̀rà, kò sí ẹni tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún pé ará ọ̀run tí ń padà wá sílé ni eégún. John Pemberton, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tilẹ̀ ṣe ìwádìí lórí eégún Ìgbómìnà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1978. Nínú oríṣiríṣi eégún tí Yorùbá ní, àwọn eégún aláré tí à ń pè ní alárìnjó ni ọ̀rọ̀ mi kàn jù. Àwọn ni baba eré orí ìtàgé wa. Wọn a pidán, wọn a sì fi ìwà ẹ̀dá ṣe yẹ̀yẹ́: ọ̀mùtí, aṣẹ́wó, àjèjì tí kò mọ àṣà ìlú. Nígbà tí òyìnbó dé, òyìnbó di idán, wọ́n gbẹ́ imú rẹ̀ gùn, wọ́n sì sín in jẹ bí ó ti ń rìn. Nígbà tí ọlọ́pàá ìjọba dé, ọlọ́pàá náà di idán. Ẹ wò ó dáadáa: aṣọ eégún lè dàgbà ju bàbá ẹni tí ó gbé e lọ, ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ tí ó ń ṣe, ti ọdún tí ó jáde ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu, tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ní òru ẹ̀fẹ̀ ni akọrin ń fi orin tú àṣírí oníwà ìbàjẹ́ láàrin ìlú. Akọrin ẹ̀fẹ̀ tí ó bá ń kọrin nípa olè tí a mú ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àwọn ará ìlú yóò ká ẹní wọn, wọn yóò lọ sùn. Nítorí náà, jíjí àwàdà dìde kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọdọọdún ni àwa ń ṣe é, kí amóhùnmáwòrán tó dé rárá.

Ẹlẹ́rìí mi kejì, ọmọ Ìlá ni. Inú ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni Lámídì Fákéye ti jáde, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ó jọ pé iṣẹ́ ọnà igi ti ń kú lọ, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí ń ra ère òrìṣà ti di onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Ní ọdún 1947, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan tí ń jẹ́ Kevin Carroll bẹ̀rẹ̀ ibi iṣẹ́ ọnà ní Ọyẹ́-Èkìtì. Níbẹ̀ ni Fákéye ti lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Àrẹógun, ògbólógbòó agbẹ́gilére ará Ọ̀sì. Wọn kò ní kí á máa gbẹ́ ère Ṣàngó lọ fún ẹni tí kò bọ Ṣàngó mọ́. Wọ́n mú ọwọ́ àtijọ́, wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ìtàn inú Bíbélì. Ojú Yorùbá ni wọ́n fún àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, aṣọ Yorùbá ni wọ́n wọ̀ fún wọn. Iṣẹ́ náà yè. Fákéye di olùkọ́ ní Yunifásítì tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí ó sì jáde láyé ní oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 2009, kò sí ẹni tí ó tún sọ pé ọnà igi ti kú. Ọwọ́ àtijọ́, iṣẹ́ tuntun: ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí dání, nítorí n óò padà sórí wọn.

Ẹ wá jẹ́ kí á bọ́ sórí àwàdà gan-an. Ní ọdún 1976 ni Wale Adenuga dá ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí ń jẹ́ Ikebe Super sílẹ̀. Ìwé àgbà ni. Kì í ṣe ohun tí olùkọ́ yóò bá lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì kìíní kí ó rẹ́rìn-ín. Nínú rẹ̀ ni Papa Ajasco ti kọ́kọ́ yọ orí pípá rẹ̀ sí gbangba, òun àti àwọn bíi Pa Jimoh, Boy Alinco àti Miss Pepeiye. Ní ọdún 1984, ó di fíìmù. Kí ọ̀rúndún ogún tó parí, ó ti di eré orí amóhùnmáwòrán tí gbogbo Nàìjíríà ń wò. Bí a bá ń wá àwàdà aláwòrán ti àgbà ní ilẹ̀ wa tí ó kú lórí bébà tí ó sì tún jíǹde, eléyìí ni.

Kí ni ó mú un yè? Lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ kan náà ni ó ń ṣe é. Ẹni tí ó bí Papa Ajasco lórí bébà ni ó gbé e dé ojú ẹ̀rọ. Lẹ́ẹ̀kejì, ó mọ̀ pé ibi ti yí padà. Ohun tí ọkùnrin ń kà ní ìkọ̀kọ̀ kò lè jẹ́ ohun tí bàbá, ìyá, àti ọmọ yóò jọ jókòó wò ní alẹ́. Ó gé èyí tí ó yẹ ní gígé, ó sì fi ìjà rẹ̀ sílẹ̀: àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára obìnrin, ẹni tí ó ń fọ́nnu láìní kọ́bọ̀ lápò. Kò sí àdúgbò tí kò ní irú wọn. Ìdí kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn jù. Ẹni tí a yà sórí bébà kì í darúgbó. Ẹni tí ó fi ẹran ara gbé e wọ̀ ni ń darúgbó. Abiodun Ayoyinka ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Papa Ajasco, ṣùgbọ́n Femi Ogunrombi, tí ó jáde láyé ní ọdún 2023, náà gbé orí pípá kan náà rù fún sáà kan. Eré náà kò tìtorí èyí kú, nítorí ìwà ni ó sọ Papa Ajasco di ẹ̀dá-ìtàn. Ojú kò tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ kan láti bá eré yìí rò. Gẹ̀ẹ́sì àdàlù ni ó ń sọ. Irú ẹjọ́ kan náà ni mo ní fún Jenifa tí Funke Akindele gbé jáde ní ọdún 2008. Òun náà ti kú, ó ti jí, ó ti tún jí. Nígbà tí ó dé ilé sinimá ní ìparí ọdún 2024, owó tí ó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. N kò bá àṣeyọrí jà. Ẹ̀rín tí à ń rín sí ọmọ Yorùbá tí ń ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, ẹ̀rín ni; ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni ín. Bí ó bá jẹ́ pé irú ẹ̀rín yìí nìkan ni ó kù tí ń jíǹde, a jẹ́ pé èdè wa ti di ohun tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì jẹ́ ohun tí ń ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí nìyẹn.

Nítorí ìgbà kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Òkítóbà ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Baba Sàlá, fi àwàdà Yorùbá gba ojú ẹ̀rọ náà. Aago ńlá, awò ojú ràgàjì, táì tí ó tó àbẹ̀bẹ̀: ohun gbogbo tí òyìnbó kó dé ni ó gbé wọ̀, kò sì sí ọ̀kan tí ó bá a mu. Èmi gbà pé ìjà rẹ̀ nìyẹn. Ó ń bá ìran tí ó gbé ọ̀làjú kọ́ ọrùn láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ jà. Nínú fíìmù rẹ̀ Ọ̀run Móoru, tí ó jáde ní ọdún 1982, ìjà náà di ti owó òjijì, ní àkókò tí owó epo rọ̀bì ń pa gbogbo wa bí ọtí. Àwọn olè aládàkọ jí fíìmù náà tà, ó sì kó o sí gbèsè. Nígbà tí ó kú ní ọdún 2018, àwọn tí wọ́n ti gbé aago àti táì rẹ̀ wọ̀ kò lóǹkà. Àwọn tí wọ́n gbé ìjà rẹ̀ jà kò pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ṣe eré ìparí ọdún ní ilé-ìwé kan ní agbègbè wa. Ọmọkùnrin kan wọ ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀, ó so aago ògiri mọ́ àyà, ó fi awò ojú tí kò ní gíláàsì sójú. Àwa olùkọ́ àti òbí tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. Àwọn ọmọ dákẹ́ bí ẹni tí ó wá kí olókùú. Mo ti ń bú wọn nínú ara mi pé wọn kò mọ iyì èdè, nígbà tí ọmọkùnrin yìí, tí òógùn ti bò, gbàgbé ọ̀rọ̀ tí a kọ́ ọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá kọjú sí aago àyà rẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà.” Ó ti sọ aago di ẹ̀rọ POS. Òun kan náà ló fi ohùn mìíràn dá ara rẹ̀ lóhùn pé, “Bàbá, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa o. Owó yín ti lọ, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ lọ jókòó.” Ó ní, “Ta ni owó náà wá wà lọ́dọ̀ rẹ̀?” Aago dáhùn pé, “Ó wà lójú ọ̀nà, Bàbá. Ṣé ẹ kò gbọ́ pé ọ̀nà kò dáa ni?” Gbọ̀ngàn náà mì tìtì. Àwọn ọmọ tí mo ní wọn kò gbọ́ Yorùbá, wọn kò pàdánù ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni. Lọ́jọ́ náà, èmi ni a kọ́.

Bí ó ti rí ní Ìlá, bẹ́ẹ̀ ni ó rí lókè òkun. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní eré àwòrán tí wọ́n ń ṣe fún àgbà, èyí tí àwa ń pè ní kàtúùnù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ti pa tí a sì ti jí. Family Guy bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, iléeṣẹ́ Fox pa á ní ọdún 2002. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń ra èyí tí a ti ṣe sínú àwo DVD, wọ́n sì ń wo àtúngbéjáde rẹ̀ ní òru. Ní ọdún 2005, Fox fúnra rẹ̀ pè é padà. Futurama náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, ó kú ní ọdún 2003, ó tún padà, ó tún kú ní ọdún 2013, ó sì tún dìde ní ọdún 2023. Nígbà tí ìròyìn ìpadàbọ̀ yìí kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2022, John DiMaggio, tí ó ń fọhùn fún Bender, ìyẹn ẹ̀dá onírin inú eré náà, kò tíì bá wọn fẹnu kò lórí owó. Ariwo ta láàrin àwọn olùwòran títí tí ó fi padà. Ẹ ronú sí i: àwòrán náà kò yí padà, ẹnikẹ́ni ni a lè ní kí ó sọ̀rọ̀, síbẹ̀ àwọn ènìyàn mọ̀ pé ohùn ni ẹ̀mí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọwọ́ àtijọ́ nìkan tó. Ren and Stimpy jẹ́ eré tí ó gbajúmọ̀ láti ọdún 1991. Ní ọdún 2003, John Kricfalusi tí ó dá a sílẹ̀ gbé e padà fún àgbà, kò sì sí ẹni tí ó ká a lọ́wọ́ kò mọ́. Eré mẹ́ta péré ni wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Ọwọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n kò sí ìjánu. Ohun tí ó fi ọgbọ́n pamọ́ tẹ́lẹ̀ ni ó tú síta, ọgbọ́n tí ó fi pa á mọ́ sì ni àwàdà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ mọ̀ pé ẹni tí ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán kò fi ẹ̀rín kankan sílẹ̀ fún olùgbọ́. Clone High ní tirẹ̀ ń fi àwọn eré ọ̀dọ́ ilé-ìwé ti ìgbà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọdún 2002. Ó padà ní ọdún 2023, a sì pa á ní ọdún 2024. Lójú tèmi, ẹni tí ó ń bá jà ti kú kí òun tó jí.

Èyí tí ó wú mi lórí jù ni King of the Hill. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997, ó parí ní ọdún 2010, ó sì padà ní ọdún 2025. Nínú eré àwòrán, kò sí ohun tí ó ní kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá dàgbà. Bí a bá fẹ́, yóò pé mẹ́tàlá títí ayé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe é yàn láti jẹ́ kí ọjọ́ gun orí ọjọ́. Bobby tí ó jẹ́ ọmọdé ti di àgbà tí ń se oúnjẹ tà ní Dallas. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní Saudi Arabia, wọ́n wá padà sí ìlú tí ó ti yí padà mọ́ wọn lójú. Johnny Hardwick tí ó ń fọhùn fún ọ̀kan nínú wọn kú ní ọdún 2023. Ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀, eré ń lọ. Bàbá ilé kan náà ni, ìwà kan náà ni, ayé ni kò rí bákan náà mọ́. Ẹ̀rín wà níbẹ̀. Kí ni èyí yàtọ̀ sí eégún àtijọ́ tí ó jáde tí ó bá ọlọ́pàá lójú pópó?

Bí a bá padà wálé, ìtàn kan náà ni. Fíìmù Living in Bondage ti ọdún 1992 padà ní ọdún 2019. Ìran tí ó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ ni ó sọ ìtàn rẹ̀, àwọn ènìyàn sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Glamour Girls tí a tún ṣe ní ọdún 2022 gbé orúkọ, ó gbé aṣọ tí ó wọ́n ju ti àtijọ́ lọ, ọ̀pọ̀ olùwòran kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Owó wà nínú méjèèjì. Bí owó bá ni ó ń jí òkú, èkejì ìbá ti máa sáré kiri.

Nítorí náà, òfin mẹ́rin ni mo fi lélẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù ú lọ kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé yìí. Èkínní: kí ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, tàbí ọwọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Fákéye ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé. Èkejì: kí ohùn rẹ̀ má ṣe yí padà, nínú ohùn ni mo ka èdè sí. Ẹ̀kẹta: kí ìjà rẹ̀ jẹ́ ti òní. Ẹ̀kẹrin: kí ìjánu wà. Èyí tí ó bá ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò yè. Èyí tí ó bá ní aṣọ nìkan, ẹ jẹ́ kí á tètè gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò bínú sí mi. Wọn yóò ní bí a bá ń yí àtijọ́ padà, a óò bà á jẹ́, àti pé bí Baba Sàlá ti ṣe é gẹ́lẹ́ ni kí á máa ṣe é. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ohun méjì ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Kí á tọ́jú ohun àtijọ́ bí ó ti wà, ọ̀tọ̀ ni; kí á jí i dìde, ọ̀tọ̀ ni. Ìtọ́jú gan-an ni a kò ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú eré Yorùbá tí a gbé sáfẹ́fẹ́ ní àwọn ọdún 1960 sí 1989 ni kò sí téèpù rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe àwa nìkan. BBC pàápàá pa ọ̀pọ̀ eré tirẹ̀ rẹ́ láti fi tún téèpù lò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Family Guy: nítorí pé àwọn ènìyàn rí ti àtijọ́ rà tí wọ́n sì rí i wò ni ó fi rí ẹni pè é padà. Ọmọ tí kò rí Jákọ́bù, Pápàlolò àti Adérùpọkọ̀ wò rí, báwo ni yóò ṣe ṣe àárò wọn? Èmi kò ní kí á yí àtijọ́ padà nínú àpótí rẹ̀. Mo ní kí á wá àpótí náà rí, kí á ṣí i, kí á jẹ́ kí àwọn ọmọ wò ó, kí wọ́n tó dá tiwọn.

Èyí ni ó wá kan àwa olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè òótọ́: báwo ni a ti ń kọ́ àwàdà? A ń ní kí ọmọ dárúkọ ẹ̀dá-ìtàn, kí ó sọ ibùdó ìtàn, kí ó to kókó ọ̀rọ̀ márùn-ún lẹ́sẹẹsẹ. Kò sí ìgbà kan tí a bi í pé, “Ta ni òǹkọ̀wé ń bá jà? Ṣé ẹni náà ṣì wà láàyè? Orúkọ wo ni ó ń jẹ́ nísinsìnyí?” Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yìí ni ó yà ẹni tí ó mọ̀wé sọ́tọ̀ lára ẹni tí ó há a sórí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí a bá ní kí ẹ ṣe lámèyítọ́ eré onítàn apanilẹ́rìn-ín nínú ìdánwò, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé eré náà “kún fún ẹ̀fẹ̀” kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ sọ ẹni tí ẹ̀fẹ̀ náà ń bà. Àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni tí ó wà ní Ìlá níbí, àti ní ibòmíràn, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín kọ àwàdà ojú ìwé méjì ní ẹ̀ka-èdè ilé wọn, Ìgbómìnà, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, èyíkéyìí. Ó ti pẹ́ jù tí a ti ń fi ẹ̀ka-èdè ṣe àmì ará oko lórí ìtàgé. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó gbọ́n jùlọ nínú eré.

Sí àwọn iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ jí àwàdà Yorùbá dìde, ẹ má ṣe kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò rán aṣọ. Ẹ wá ẹni tí inú ń bí. Ẹ wá ọmọ ogún ọdún tí ó ti tò sẹ́yìn láti òwúrọ̀ nítorí owó ara rẹ̀ ní báńkì, tí ó gbọ́ Yorùbá, tí ó sì ti jókòó ti àgbà kan gbọ́ bí a ti ń ju ọ̀rọ̀. Ẹ gbé aago ńlá náà lé e lọ́wọ́. Yóò mọ ohun tí yóò fi ṣe, gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin tí mo rí ti mọ̀ ọ́n nígbà tí ó gbàgbé ohun tí a kọ́ ọ.

Ọwọ́ àtijọ́, iṣẹ́ tuntun. Ní ọdún tí ń bọ̀, eégún yóò tún jáde ní Ìlá. Aṣọ rẹ̀ yóò jẹ́ ti baba ńlá. Bí ó bá jó ijó èṣí, àwọn ọmọ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, kì í sì í ṣe àwọn ni kí á bá wí.